Kí ló dé tí kò sí "Láńkẹ́", orúkọ ọ̀mùtí inú eré, nínú The Palm-Wine Drinkard ti èdè Faransé tí a ń kà ní Kétu?

Kò sí i nínú ojúlówó ìwé náà pàápàá. Nínú ìwé Amos Tutuola (1952), ọ̀mùtí tó lọ wá adẹ́mu rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú kò ní orúkọ àbísọ. Bàbá àwọn òrìṣà ló ń pe ara rẹ̀. Ohun tí Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, sì túmọ̀ sí Faransé ní 1953 nìyẹn. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ló fún un ní Láńkẹ́, nígbà tó fi ìwé náà ṣe eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963. Ó tún sọ ìrìn àjò náà di àlá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fún rédíò, ẹ ṣọ́ra níbi ọkùnrin arẹwà tó yá ẹ̀yà ara lò. Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ dá padà, ó san owó rẹ̀. Ó dá ọ̀tún padà, ló bá ń wọ́ nílẹ̀, títí ó fi ku agbárí nìkan. Bí ìró ẹsẹ̀ kò bá yí padà sí ìró wíwọ́, olùgbọ́ kò ní mọ̀ pé nǹkan ti dín lára rẹ̀. Ẹmu ńkọ́? Agbè 150 ni adẹ́mu ń dá fún ọ̀mùtí náà láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Ẹ má dín in kù o, àsọdùn yẹn gan-an ló dùn.