Èsì: Ṣé mo lè dúró kí n tó yan inṣọ́ránsì ìlera lórí UCPath?

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé kí ẹ tó yan inṣọ́ránsì ìlera. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró! Ọjọ́ 31 péré ni Yunifásítì Kalifóníà fún òṣìṣẹ́ tuntun. Lórí UCPath, ìkànnì tí òṣìṣẹ́ yunifásítì náà ń lò, lẹ ó ti yàn án, ibẹ̀ náà lẹ ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì yín sí.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ló gba àròjinlẹ̀. Ọjọ́ 90 lẹ ní láti yan ètò tí ẹ fẹ́; bí ẹ bá dákẹ́, Pension Choice (ètò tó ní owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù) ni wọn yóò fi yín sí. Orí ìkànnì Fidelity, ilé-iṣẹ́ tó ń bá yunifásítì náà bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì, lẹ ti ń yan ìyẹn, kì í ṣe UCPath (èmi ò mọ ẹni tí ìyẹn ò dà lójú rú).

Ẹ̀kọ́ tó pọndandan? Orí UC Learning Center, ìkànnì ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì náà, ló wà. Wọ́n á máa rán yín létí títí á fi sú yín.