Èsì: Gloxinia tí ewé rẹ̀ ń rọ lẹ́yìn tó tanná tán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní gloxinia yín, òdòdó inú ìkòkò yẹn, ti tanná tán, ewé rẹ̀ ń di yẹ́lò, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ dà á nù. Háà, ẹ má dán an wò! Ìsinmi ló fẹ́ lọ. Ọmọ Brazil ni, inú iṣu kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí.

Ẹ dín omi kù díẹ̀díẹ̀ títí ewé yóò fi gbẹ, kí ẹ tó gé e. Ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ síbi tó gbẹ tó sì tutù díẹ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Inú fíríìjì kọ́ o!

Tó bá tún ń yọjú, ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ wo iṣu náà dáadáa: ẹ̀gbẹ́ kan jin kòtò, èyíinì ni kó kọjú sókè. Iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi bò ó.

Ní ti omi, ewé rẹ̀ nírun lára, omi tútù á sì fi àmì sí i. Inú àwo abẹ́ ìkòkò ni kí ẹ máa da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí. Tó bá ti fà á tó, ẹ da ìyókù nù.