Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Èéfín Búlúù Tó Ń Wá, Tó Ń Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ akẹ́rù mi ti pẹ́ lójú títì. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ó ní tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan lára. Ó máa ń tu èéfín búlúù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń dín díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ò yẹ̀. Mẹkáníìkì ní ríìngì, ìyẹn òrùka irin ara písítìn, ti jẹ, kí n wá owó tí a ó fi tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ríìngì tó ti jẹ kì í sinmi: ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù gun òkè ni yóò máa tú èéfín, ẹ́ńjìnnì náà á sì máa ṣagídí kó tó jí láàárọ̀. Èyí tó ń wá tó ń lọ sábà máa ń ní ìdí tó rọrùn ju ìyẹn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé búlúù ni. Èéfín dúdú, dísẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Funfun tó ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, epo tí kò jóná ni, ẹ wo ínjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì. Funfun tí kò tán, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí. Búlúù nìkan ni ti ọ́ìlì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ àsìkò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná láàárọ̀ ló ń yọ, tó sì mọ́ láìpẹ́, ọ́ìlì ló ro sílẹ̀ lóru láti ìdí fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì ń gbà jáde) tí síìlì rẹ̀, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ti le. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ti dúró pẹ́ láìkú ni, tí ẹ wá tẹ iná, tí èéfín rú gùdù, tọ́bò àti páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Páìpù ìmí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn díẹ̀ kì í gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì wọ inú agbada ọ́ìlì lọ. Ibi páìpù náà ló ń gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí i, atẹ́gùn á há sínú. Ọ́ìlì tó ń ti tọ́bò padà wálẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń tì í, á gbára jọ sínú tọ́bò. Síìlì ibẹ̀ kì í sì í ṣe rọ́bà, òrùka irin lásán ni, kò lè dá ọ́ìlì tó gbára jọ dúró. Ó di inú ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ páìpù ìmí, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wo páìpù tí ọ́ìlì tọ́bò ń gbà padà bóyá ó ká tàbí èédú dí i. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú: bó bá dí, tọ́bò á máa fa ọ́ìlì láti ẹ̀gbẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́.

Ẹ wọn ọ́ìlì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ẹ ti pa ọkọ̀. Bó bá kọjá àmì òkè, ẹ dín in. Bó bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tó ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má wà á mọ́: dísẹ́ẹ̀lì ń jò sínú rẹ̀, bóyá láti pọ́ńbù.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ wá tú rọ́bà afẹ́fẹ́ lẹ́nu tọ́bò. Kí ọ̀pá àárín rẹ̀ mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò burú. Kò gbọdọ̀ máa lọ síwá-sẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan ara irin tó bò ó. Ẹ wo ẹnu ibi tí èéfín ti ń wọ tọ́bò náà. Bí ibẹ̀ bá tutù fún ọ́ìlì, inú ẹ́ńjìnnì ló ti wá, tọ́bò ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá gbẹ, tí ẹ̀yìn tọ́bò wá tutù, òun gan-an ni.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ ni kí ẹ tó wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí síláńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, pẹ̀lú géèjì ti dísẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń fún yín ní nǹkan bíi 350 sí 450 psi. Kí síláńdà kan má fi ju 10% dín sí èkejì. Ẹ má da ọ́ìlì sí i bí a ti ń ṣe fún ti pẹtiróòlù: àyè inú rẹ̀ kéré, ọ́ìlì á parọ́ fún géèjì, ó sì lè tẹ ọ̀pá písítìn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọ́ìlì tó ki kò lè dá èéfín náà dúró?

ÌDÁHÙN: Ó lè dín ti fáàfù kù, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ dé tọ́bò láàárọ̀, tọ́bò á sì jìyà rẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní 15W-40 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), ẹ dúró lórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ́ńjìnnì mi ṣàdédé ń ké sókè, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, mo pa á, kò kú. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ọ́ìlì ara rẹ̀ ló ń jó. Kọ́kọ́rọ́ kò lè pa á, torí dísẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń dá dúró. Bẹ́ẹ̀ bá wà nídìí ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ kó o sí jíà tó ga jù, kí ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó kú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi pákó nípọn dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe àkísà. Bí apá ò bá ká a, ẹ sá jìnnà, torí irin lè fọ́ jáde. Ẹ má sì ṣe dáná sí i padà láìjẹ́ pé ẹ ti tú tọ́bò wò.