Èsì: Iṣẹ́ onímọ̀ ìgbọ́ràn nílé ìwòsàn VA

Ẹ béèrè bóyá oyè másítà tó láti ṣe onímọ̀ ìgbọ́ràn nílé ìwòsàn VA, ìyẹn ti àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, àti bóyá àyẹ̀wò etí nìkan ni iṣẹ́ ọ̀hún. Rárá sí méjèèjì. Oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìgbọ́ràn, Au.D., ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ó sábà máa ń gba ọdún 4 lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Ẹ tún nílò ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ yòówù kó jẹ́.

Etí tó ń hó láìsí ohun tó ń dún níta ló wọ́pọ̀ jù nínú àìlera tí VA ń san owó lé lórí. Ẹ ó máa wọn ìgbọ́ràn, ẹ ó máa yan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àwọn ológun náà, ẹ ó sì máa yẹ òòyì wò. Àmọ́ èyí tó gba sùúrù jù lójú tèmi ni àyẹ̀wò fún owó àìlera. Ológun náà á yọ ẹ̀rọ rẹ̀, á máa tún ọ̀rọ̀ inú Maryland CNC, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń yẹ ìgbọ́ràn wò, pè bó ṣe ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà lẹ ó kọ èrò yín sílẹ̀ bóyá iṣẹ́ ológun ló fa àìlera náà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pinnu owó o, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ ni wọ́n máa kà.

Tẹ́ ẹ bá ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ẹ tètè wá àyè ìkọ́ṣẹ́ ọdún tó kẹ́yìn sí VA.