Kí ló dé tó jẹ́ ewé akòko ni wọ́n ń fi sórí olóyè?

Àbúrò, okun o. O ní wọ́n fi bàbá yín joyè ní Ìsánlú, o rí ewé kan tí wọ́n há mọ́ fìlà wọn, wọ́n ní akòko ni, o wá ń bèèrè ìdí ẹ̀, àti pé ṣé ó lè hù lẹ́yìnkùlé ẹ ní Lọ́kọ́ja.

Akòko ni o, kì í ṣe àkókò tí aago ń kà, kì í sì í ṣe àwọn ará Àkókó tó bá wa pààlà lápá Oǹdó, fóònù tí kì í fi àmì sí i ló ń kó gbogbo wọn pọ̀.

Tó o bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, wo bó ṣe ń hù. Ìyá mi rì igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Kábà kí wọ́n lè so okùn aṣọ mọ́ ọn, kí òjò ọdún yẹn tó parí ó ti ta gbòǹgbò, ó ti rúwé, akòko ni. Ìyẹn ni àwọn bàbá wa ṣe ń fi í pààlà, tí wọ́n ń fi í ṣọgbà. Nínú ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ, tí iná ti jó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ewé tiẹ̀ ṣì tutù, ó ń dán, etí ẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Èmi gbà pé ohun tí wọ́n ń wí fún olóyè nìyẹn: ibi tá a fi ọ́ sí yìí, ta gbòǹgbò síbẹ̀, má rọ, má sì jẹ́ kí ààlà wa yẹ̀. Àwọn kan á ní torí pé igi Ògún ni, òótọ́ ni pé wọ́n máa ń gbìn ín sójúbọ, àmọ́ ìyẹn ò ba tèmi jẹ́.

Á hù ní Lọ́kọ́ja dáadáa, oòrùn ò ní í ṣe é ní nǹkan, ṣáà má gbìn ín síbi tí omi ti ń dúró. Lọ́dọ̀ wa níbí kì í ga tó ti inú igbó kìjikìji, òkè tààrà ló ń lọ, kò ní gba àgbàlá mọ́ ẹ lọ́wọ́. Òdòdó ẹ̀ rí bí agogo kéékèèké, ó pọ́n díẹ̀ bí àlùkò, ó rẹwà gan-an, tó bá rẹ̀ tán á so èso gígùn bí erèé, hóró inú ẹ̀ níyẹ̀ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé lọ.

Tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, gé ẹ̀ka tó tó ọrùn ọwọ́, fi àpò tútù wé ìdí ẹ̀ gbé e wálé, kó o sì sàmì sí orí ẹ̀ kó o má baà gbìn ín ní ìdoríkodò.