VVT kò sí nínú jíà: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú u

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Corolla tòkunbọ̀ mi ti ọdún 2006, tó jẹ́ ọtomátíìkì, kò fẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n mọ́. Ó ń já sí jíà kékeré ṣáá, ó sì máa ń gbọ̀n bí mo bá dúró. Mẹkáníìkì ní VVT inú jíà ló bàjẹ́: kí n pààrọ̀ jíà, tàbí kí òun yọ wáyà VVT. Èwo ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìyìn-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orí ẹ́ńjìnì ni VVT (variable valve timing) wà, kò sí nínú jíà rárá, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ra jíà tí wọn kò nílò. Kámúṣáàfù ló ń ṣí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà. Iṣẹ́ VVT ni láti yí kámúṣáàfù yẹn síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kí fáàfù lè ṣí kí ó sì padé ní àkókò tó bá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnì mu. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń tì í. Sólẹ́nọ́ìdì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní «VVT sensor», ló ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì náà bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ti pàṣẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, ó yẹ kí kámúṣáàfù yí síwájú kí ẹ́ńjìnì lè ní ipá. Bí kò bá yí, ẹ óò tẹná mọ́ ọkọ̀ sí i. Jíà ọtomátíìkì, tó ń fi bí ẹ ṣe tẹná àti bí ọkọ̀ ṣe ń sáré pinnu jíà tó kàn, yóò sì bọ́ sí jíà kékeré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Bí kámúṣáàfù bá sì há síwájú, ọkọ̀ á máa gbọ̀n níbi tó dúró sí. Bí wọ́n bá yọ wáyà, gbígbọ̀n náà lè dáwọ́ dúró, ìyẹn ló sì ń tan ènìyàn jẹ, nítorí kámúṣáàfù á dúró sẹ́yìn, ipá á lọ, epo á máa jó sí i.

Ẹ kọ́kọ́ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ náà rìn. Bí ó bá dúdú tó sì ki, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà: lítà 3.7 ti 5W-30, kì í ṣe 20W-50 tí wọ́n máa ń dà sí i nítorí pé ọkọ̀ ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tú sólẹ́nọ́ìdì, kí wọ́n fọ òun àti àsẹ́ kékeré tó ń sẹ́ ọ́ìlì rẹ̀, kí rìwáyà sì fi scanner wo ọkọ̀. Bí kóòdù àṣìṣe P0011 bá jáde, kámúṣáàfù ti há síwájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ́ìlì, sólẹ́nọ́ìdì tàbí ṣéènì tó ń yí kámúṣáàfù, tó ti fà, èmi kò sì lè yàn nínú wọn láìrí ọkọ̀ náà.

Jíà ni kí ẹ fura sí bí ẹ́ńjìnì bá ń ké sókè tí ọkọ̀ kò sì sáré tó o, tàbí bí ó bá ń pẹ́ kí ó tó gbà lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí D. Bí mẹkáníìkì yín bá kọ̀ láti yẹ nǹkan wọ̀nyí wò kí ó tó tú jíà, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn ní Adó.