Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ìgbà wo ni ọlọ́kadà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká fún lè padà sẹ́nu iṣẹ́?

Ìbéèrè: Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 43 ni mí, ọ̀kadà ni mo sì fi ń jẹun ní Ẹpẹ níbí, láti Ayétòrò lọ sí Pòkà àti Ìlárá. Ewúrẹ́ kan ló sá jáde sójú ọ̀nà lójijì, mo yà fún un, mo sì fi èjìká ọ̀tún ṣubú lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apá yẹn kò ṣeé gbé sókè mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní iṣan tó ń gbé apá ti já kúrò lára eegun, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ó pé ọ̀sẹ̀ 11 géérégé lónìí. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi gbé apá kọ́ ọrùn. Ní báyìí kò dùn mí mọ́, mo ń fi ọwọ́ náà jẹun, mo sì ń fi wẹ̀. Dókítà ní kí n má tíì gun ọ̀kadà títí yóò fi tó oṣù 6, ṣùgbọ́n n kò tíì san owó ọ̀kadà yìí tán, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹni tó gbé e fún mi ń retí owó rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ibùdókọ̀ ní kí n máa rọra gùn ún, kí n máa fi ẹsẹ̀ nìkan tẹ bíréèkì, kí n má sì gbé ju èrò kan lọ. Ẹpẹ kò sí lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà lọ́dún 2022, nítorí náà iṣẹ́ wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo jókòó. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? (Ọlọ́kadà, Ayétòrò, Ẹpẹ)

Èsì: Ẹ kú ewu o, a dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ fún yín: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti yá jù.

Ohun tó ń tàn yín ni pé kò dùn yín mọ́. Ìrora máa ń lọ tipẹ́ kí iṣan tó so. Iṣan 4 ló yí orí eegun apá ká nínú oríkèé èjìká, tí wọ́n dì í mú sójú àyè rẹ̀ bí ẹni fi ìka di àgbálùmọ̀ mú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, oníṣẹ́ abẹ a ri nǹkan kékeré bí ìṣó mọ́ inú eegun, a sì fi òwú tó wà lára rẹ̀ rán iṣan náà padà sí àyè rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, òwú yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, nítorí iṣan fúnra rẹ̀ kò tíì lẹ̀ mọ́ eegun lọ́nà tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 12, ó ti ń so, ṣùgbọ́n bí igi ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ló rí: ó ti yọ ewé, ó tutù lójú, síbẹ̀ ọmọdé lè fi ọwọ́ kan fà á tu. Ìdí nìyí tí dókítà yín fi dá oṣù 6 fún yín, agbára apá náà sì lè má pé tán títí di ọdún kan.

Àwọn ẹgbẹ́ yín ní kí ẹ máa rọra gùn ún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe eré sísá ló ń ba irú èjìká yìí jẹ́, òjijì ni. Ọwọ́ tó ń gbé òkèlè lọ sẹ́nu mọ ibi tó ń lọ, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tó wà lórí ọ̀kadà kò mọ ohun tí yóò bá pàdé. Ẹ wo sítáńdì ńlá tí ẹ ń gbé ọ̀kadà lé ní ibùdókọ̀: ẹ ó fi ọwọ́ òsì di àńdù mú, ẹ ó fi ọ̀tún di irin ẹ̀yìn ìjókòó mú, ẹ ó fi ẹsẹ̀ tẹ sítáńdì, ẹ ó sì fa ohun tó wúwo ju kílò 100 lọ sókè, sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàtà bá yọ̀ lórí irin yẹn, apá ọ̀tún ni yóò gba gbogbo ẹrù náà.

Ẹ tún wo èrò kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí ẹ máa gbé. Ká ní ìyá ẹlẹ́ja ni, tí ó gbé agbada ẹja lé itan. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, òun àti ẹja rẹ̀ yóò rọ́ lù yín lẹ́yìn, ọwọ́ yín méjèèjì tó wà lórí àńdù ni yóò sì dá ìwúwo náà dúró. Bí táyà iwájú bá já sí kòtò, àńdù á fẹ́ yí mọ́ yín lọ́wọ́, iṣan èjìká á sì fà á padà kí ọpọlọ tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́, n kò tíì rí ọlọ́kadà tó ráyè rántí pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ. Yóò dì í mú ni. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń tún já, títún un rán lẹ́ẹ̀kejì sì máa ń ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ti fífi ẹsẹ̀ nìkan tẹ bíréèkì, ẹ má gbà á rárá. Bí ọ̀kadà bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń rọ́ lọ, táyà iwájú ló sì lágbára jù láti dá a dúró. Ẹni tó bá gbára lé bíréèkì ẹ̀yìn nìkan yóò rìn jìnnà kó tó dúró, bí iyanrìn bá sì wà lójú ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn á há, á sì yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń tẹ bíréèkì iwájú. Ẹnìkan tiẹ̀ bi mí rí bóyá mẹ́káníìkì lè gbé e lọ sí ọwọ́ òsì. Klọ́ọ̀ṣì tí a ń tẹ̀ láti pààrọ̀ jíà ti gba ibẹ̀.

Ẹ kò dárúkọ oògùn nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pín káàkiri ní ibùdókọ̀. Tramadol máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀, ó sì máa ń kun èèyàn lóorun. Ẹni tó bá lò ó kó tó gun ọ̀kadà ti pa aago tí ì bá kìlọ̀ fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró fa apá náà. N kò bú àwọn tí ń to eegun o, ṣùgbọ́n iṣan tí a fi òwú rán kì í ṣe eegun tó yẹ̀. Bí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún dókítà, torí méjèèjì máa ń fa ìsopọ̀ náà sẹ́yìn.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ń rí físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá mú apá àti ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò; iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Bí ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà bá jìn, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ dojú kọ ògiri, kí ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún rìn gòkè bí alántakùn, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó dé. Bí àmì náà ṣe ń gòkè ni ẹ ó máa rí ìlọsíwájú yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ni físíò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún apá náà lágbára. Tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí a so mọ́ ilẹ̀kùn tó fún iṣẹ́ yẹn: ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì há abẹ́ apá, kí ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì máa fa tíúbù náà síta díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá ti pé oṣù 6, ẹ dán ara yín wò kí ẹ tó dán ọ̀nà wò. Ṣé apá ọ̀tún ń gòkè dé ibi tí òsì dé láìjẹ́ pé èjìká ń sún mọ́ etí? Ṣé ẹ lè sun ẹ̀gbẹ́ yẹn lóru? Ẹ jókòó sórí ọ̀kadà tí a kò tan, kí ẹ tẹ bíréèkì iwájú ní ìgbà 30. Kí ẹnìkan wá dúró níwájú, kó máa gbo àńdù mọ́ yín lọ́wọ́ láìsọ ìgbà tí yóò ṣe é. Bí ẹ bá dì í mú tí kò dùn yín, ẹ gùn ún fún ìṣẹ́jú 10 ní pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sunday, láìgbé èrò, kí ẹ sì wò ó bí èjìká bá ṣe rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni èrò, ẹrù ló kẹ́yìn. Ẹ gbé sítáńdì ńlá tì, ẹ máa lo ti ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, mo sì mọ̀ pé òun gan-an ló gbé kálàmù lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbé ọ̀kadà náà fún ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kó máa san délífà fún yín, ìyẹn owó tí ẹni tó ń gùn ún ń dá padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí 2. Ẹ mú ìwé dókítà lọ bá ẹni tó ni gbèsè, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dín owó ọ̀sẹ̀ kù fún oṣù 3. Ọ̀kadà tó ń mú díẹ̀ wọlé sàn fún òun náà ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ó pé ọ̀sẹ̀ 4 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká òsì fún mi, apá mi ṣì wà ní ọrùn. Ṣé mo lè gun ọ̀kadà lọ sí ọjà bí ọlọ́kadà bá ní sùúrù? (Ìyá Aláṣọ, Ẹpẹ)

Èsì: Rárá, mà. Ọwọ́ kan ni ẹ ó fi di nǹkan mú, bí ẹ bá sì fẹ́ ṣubú, èyí tó wà lọ́rùn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí ẹ jókòó sẹ́yìn ní ìkángun apá òsì, kí ẹ sì gbé báàgì yín sí àárín ẹ̀yin àti irin, kí ohunkóhun má baà gbá èjìká náà.